Ọmọ ìjọ kò rí owó àjẹṣẹ́kù san: ibo ni ìdájọ́ parí sí, ibo ni àánú ti bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ béèrè:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ìjọ kan lápá Àgọ́-Ìwòyè ni mo gbé wá. Àwọn opó àti àwọn tó ń pàtẹ lọ́jà ló pọ̀ jù nínú ọmọ ẹgbẹ́. Owó tí kálukú ń dá lọ́sẹ̀ kò ju ₦1,000 sí ₦2,000 lọ.

Arábìnrin kan tó ń yan gààrí yá ₦300,000. Owó tirẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ jẹ́ ₦100,000. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n dá fún un, èlé rẹ̀ ₦30,000, ìyẹn ₦33,000 lóṣù. Ó san oṣù mẹ́rin láìyẹ̀. Ni ẹ́ńjìnnì tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì tún dèrò ọsibítù. Oṣù karùn-ún rèé tí kò mú kọ́bọ̀ wá. Òfin ẹgbẹ́ ní ẹni tó bá pẹ́ san yóò máa san ìtanràn ₦5 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan tó bá ti kọjá ọjọ́, lóṣooṣù. Ìwé akápò sọ pé ₦222,750 ló jẹ báyìí.

Ìgbìmọ̀ pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní ká ké sí ọlọ́pàá. Àwọn kan ní ká lọ gbé ẹ̀rọ àti jáàkì tó fi ń fún ẹ̀gẹ́ wá sí ọgbà ìjọ títí yóò fi sanwó. Pásítọ̀ ka Míkà 6:8, wọ́n ní Olúwa fẹ́ àánú, ká fa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àwọn onígbọ̀wọ́ méjì tó fọwọ́ sí ìwé fún un kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbésẹ̀ tó tọ́ la fẹ́, ká má kàn gba ìwàásù nìkan.

Tísà_Ìpẹru fèsì:

Ẹ kú làálàá, Akọ̀wé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀, torí òun ló yá jù. Deuterónómì 24:6 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ìyá-ọlọ tàbí ọmọ-ọlọ ní ògò, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ló gbà yẹn. Ẹ̀rọ ìlọ̀ àti jáàkì, ọlọ náà nìyẹn. Bí ẹ bá gbé wọn, ẹ ti gbé ohun tí yóò fi rí owó san.

Ẹsẹ 10 sí 13 tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń dógò ti onígbèsè láyé àtijọ́: ẹni tí wọ́n rán yóò lọ jókòó sójúde onígbèsè, yóò máa pàṣẹ oúnjẹ, adìẹ tó bá kọjá níwájú rẹ̀ ti di tirẹ̀, kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ògò, ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wa lò, àmọ́ òfin Mósè yí i padà bírí. Ó ní ẹni tó yáni lówó kò gbọdọ̀ wọlé. Ìta ni kó dúró sí, kí onígbèsè fúnra rẹ̀ mú ohun tó bá fẹ́ fi dógò jáde. Bó bá sì jẹ́ tálákà, kí oòrùn má wọ̀ kí aṣọ rẹ̀ tó padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Nípa Míkà: Pásítọ̀ ka ẹsẹ náà, wọn ò kà á tán. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Bíbélì wa àtijọ́ pe èkíní ní “ṣe òtítọ́”. Ìdájọ́ tó tọ́ ni ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ló ṣáájú, kí àánú tó tẹ̀lé e. Léfítíkù 19:15 sì fi kún un pé a kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn tálákà nítorí pé ó tálákà, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ torí ipò bu ọlá fún alágbára nínú ìdájọ́. ₦180,000 tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ arábìnrin yìí nínú ₦300,000 tó yá kì í ṣe ti Pásítọ̀, kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. Ti opó tó ń dá ₦1,000 lọ́sẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi owó opó ṣàánú fún onígbèsè, opó ló jà lólè.

Àpẹẹrẹ tó bá ti yín mu wà nínú lẹ́tà sí Fílémónì, ẹsẹ 18 àti 19. Pọ́ọ̀lù kò sọ fún Fílémónì pé kó gbàgbé gbèsè Ónésímù. Ó ní “kà á sí mi lọ́rùn”, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun yóò san án. Ẹni tó fẹ́ ṣàánú ni kó tọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀.

Àkáǹtì_Ṣàgámù fèsì:

Tísà ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká wá tú ₦222,750 yẹn palẹ̀, torí àṣìṣe wà nínú rẹ̀.

Nínú ₦33,000 oṣooṣù, ₦30,000 ni owó orí, ìyẹn owó tó yá gan-an, ₦3,000 ni èlé. Oṣù mẹ́rin tó san ti yọ ₦120,000 kúrò nínú owó orí, ó ku ₦180,000. Èlé oṣù mẹ́fà tó kù jẹ́ ₦18,000. Ìyókù, ₦24,750, ìtanràn ni: ₦5 lórí ₦100 nínú ₦33,000, lẹ́yìn náà ₦66,000, ₦99,000, ₦132,000 àti ₦165,000. Àmọ́ oṣù kẹsàn-án la ṣì wà. ₦33,000 ti oṣù kẹwàá kò tíì pé, akápò ti kó o pọ̀ mọ́ gbèsè tó ti kọjá ọjọ́. Ẹ tún ìyẹn ṣe kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Iye tó yẹ kó ti san, tí kò san, ₦165,000 ni, ìtanràn sì wà lọ́tọ̀.

Ẹ wá wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ta ló ni ín? Ìtanràn kò kúrò lápò ẹnikẹ́ni. Bí ìpàdé gbogbogbòò bá fa á rẹ́, kò sí opó tí owó rẹ̀ dín. Èlé ₦18,000, èrè tí ẹgbẹ́ ń retí ni, kò tíì wọlé. Ìpàdé lè fa òun náà rẹ́ bó bá wù wọ́n. Owó orí ₦180,000 ni ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, torí owó tí àwọn èèyàn kó sílẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ìpàdé gbogbogbòò dìbò lórí méjì àkọ́kọ́, kó má jẹ́ ìgbìmọ̀ nìkan, kó má sì jẹ́ Pásítọ̀ nìkan.

Ìtanràn yẹn gan-an ń rán mi létí ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ló ń dúró fún; owó orí kì í dín títí ẹnìkan yóò fi san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò rí ₦33,000 san, tí ẹ ń fi ₦8,250 lé e lóṣù karùn-ún, ìwọ̀fà lẹ ń sọ ọ́ dà.

Ohun tí mo rò pé ó lè ṣiṣẹ́ rèé. Kí ó fọwọ́ sí ìwé pé kí ẹ yọ ₦60,000 nínú ₦100,000 tirẹ̀ sí owó orí. Ẹ má yọ gbogbo rẹ̀, kó má bàa dẹni tí kò ní nǹkan kan nínú ẹgbẹ́ mọ́; ẹni tí kò ní nǹkan níbì kan kì í padà síbẹ̀. Bí ìpàdé bá ti fa ìtanràn àti èlé rẹ́, ₦120,000 ló kù. Ẹ pín in sí ₦2,500 lọ́jọ́ ọjà, ọjà méjìdínláàádọ́ta (48). Bí ọjà bá jẹ́ ọrọọrún, kò ní pé oṣù méje tí yóò fi tán.

Nǹkan mìíràn: ẹ tún èlé yín wò. ₦30,000 tí ẹ bù lé gbogbo owó láti ọjọ́ kìíní dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń dín lóṣooṣù, èlé kò dín. Bí ẹ bá gba ₦1 lórí ₦100 lóṣù, lórí ohun tó kù nìkan, ₦16,500 ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ fún oṣù mẹ́wàá.

Ọmọ_Ìgbàlà fèsì:

Ìṣirò yìí ti pọ̀ jù fún ọmọ Ọlọ́run. Nínú Mátíù 18, ọba fi ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì ji ẹrú rẹ̀ láìbéèrè onígbọ̀wọ́. Ẹ fi jì í, Ọlọ́run yóò san án fún ẹgbẹ́.

Tísà_Ìpẹru fèsì:

Ẹ ṣeun. Ọba yẹn, ta ló ni tálẹ́ńtì tó fi jì? Òun ni. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ìgbìmọ̀ kì í ṣe ọba, ìríjú ni wọ́n. Ẹ̀kọ́ ìtàn yẹn kan ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí owó tirẹ̀: bí ẹ̀yin bá ní ₦20,000 níbẹ̀, tí ẹ kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ́ fún un, ẹ ti ṣe bíi ti ọba náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, kó má dà bíi pé mo ń rọ ọ̀rọ̀ yín nù. Mátíù 6:12 nínú Bíbélì wa kà pé “dárí gbèsè wa jì wá”, àmọ́ “ẹ̀ṣẹ̀” ni ọ̀pọ̀ wa ń kà bí a bá ń gbàdúrà nínú ìjọ. Ó rọrùn láti fi ẹ̀ṣẹ̀ jini. Gbèsè ló ní iye.

Amòfin_Rẹ́mọ fèsì:

Ẹ má ké sí ọlọ́pàá. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí ẹjọ́ tí kì í ṣe ọ̀ràn, tàbí nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ. Gbèsè àjẹṣẹ́kù, àdéhùn ni. Bí wọ́n bá tì í mọ́lé, ó lè gbé ẹgbẹ́ àti ọlọ́pàá pọ̀ lọ sílé ẹjọ́ gíga lórí abala 35 ìwé òfin 1999 tó dáàbò bo òmìnira ènìyàn, owó gbà-máà-bínú tí ilé ẹjọ́ lè ní kí ẹ san sì lè ju gbèsè lọ. Òfin Ọlọ́pàá náà kò tún gbà kí wọ́n mú ọkọ tàbí ìyá rẹ̀ dípò rẹ̀. Àwọn kan máa ń pa irọ́ mọ́ ọn ní tésàn pé jìbìtì ni kí wọ́n lè rí i mú. Ẹ̀rí èké nìyẹn, mi ò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ gbé e wọ ilé Olúwa.

Àwọn ẹgbẹ́ kan ń gba ṣẹ́ẹ̀kì òfo tí onígbèsè ti fọwọ́ sí, kí wọ́n lè kó o lọ sí báǹkì lọ́jọ́ tí kò bá rí owó san. Òfin ti wà láti 1977 tó sọ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó lẹ́yìn di ọ̀ràn, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sì ni. Bí irú ṣẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀ bá wà nínú fáìlì yín, ẹ dá a padà. Ìdẹkùn ni, kì í ṣe ìdúró.

Ẹ tún má fi fọ́tò tàbí orúkọ rẹ̀ sórí WhatsApp ìjọ. Yàtọ̀ sí ìtìjú, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ti onígbọ̀wọ́ le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá yí àdéhùn padà láìjẹ́ kí onígbọ̀wọ́ fọwọ́ sí i, ó lè sọ ní kóòtù pé òun ti bọ́ lọ́rùn gbèsè náà, òfin yóò sì gbè é. Nítorí náà ètò ọjà 48 yẹn, ìwé tuntun ni kó jẹ́, kí arábìnrin, onígbọ̀wọ́ méjèèjì, alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan náà.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá di aáwọ̀ gidi, tí ẹgbẹ́ sì ní ìwé ìforúkọsílẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń bójú tó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ níjọba ni òfin ní kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, 1 Kọ́ríńtì 6:5 béèrè bóyá kò sí ọlọ́gbọ́n kan láàárín yín tó lè parí rẹ̀. Ẹ wá ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀, tí kò bá ẹ̀gbẹ́ kankan tan.

Ìyá_Ẹlẹ́gẹ́ fèsì:

Ẹ̀yin àkáǹtì àti lọ́yà ti ṣe tiyín. Ẹ wá gbọ́ ti ẹ̀gẹ́, torí ibẹ̀ ni owó ti sọnù.

₦33,000 lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò bá iṣẹ́ gààrí mu rárá. Gààrí Ìjẹ̀bú ń kan fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó délé jáàkì. Lẹ́yìn náà ni sísẹ́ àti yíyan. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan kì í mú ju nǹkan bíi kílò 200 sí 250 gààrí jáde. Ọjọ́ ọjà ni owó ń wọlé, ọjọ́ ọjà kan náà ló sì ń jáde lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀gẹ́, onígi ìdáná àti àwọn tó ń bó o. Ẹni tó ní kó tọ́jú owó jọ títí dìparí oṣù kò tíì yan gààrí rí. ₦2,500 lọ́jọ́ ọjà dára. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó lọ sílẹ̀ sí ₦1,500 láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, nígbà tí ilẹ̀ bá le, tí fífa ẹ̀gẹ́ di owó gọbọi, kó sì gòkè padà lẹ́yìn náà. Gààrí máa ń wọ́n nígbà yẹn lóòótọ́, ẹ̀gẹ́ ló máa ń kó èrè náà lọ.

Bí ẹ bá ń yá àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lówó, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Ẹ̀gẹ́ ń lo bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan nílẹ̀. Ẹ ò lè ní kó máa san láti oṣù kìíní, àfi bí ẹ bá fẹ́ kó máa fi owó tó yá san owó tó yá.

Kí ẹ sì wo ẹ́ńjìnnì yẹn kí ẹ tó ṣe ìpàdé. Bí ẹ̀rọ kò bá dìde, ìwé tí gbogbo yín fọwọ́ sí kò lè mú ₦2,500 jáde.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ fèsì:

Ẹ ṣeun gidigidi. Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá kò ní lóòótọ́ ni, àbí kò fẹ́ san? Ìkejì: bí ìjọ bá ràn án lọ́wọ́, ṣé àwọn yòókù kò ní dá owó tiwọn dúró?

Àkáǹtì_Ṣàgámù fèsì:

Ti ìkíní: ẹ wo káàdì rẹ̀. Ẹni tó san oṣù mẹ́rin láìyẹ̀, tó dáwọ́ dúró lóṣù tí ẹ̀rọ kọṣẹ́, kò jọ ẹni tó ń sá. Ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń wá sípàdé, bóyá ó ṣì ń dá owó ọ̀sẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ₦500. Kí ènìyàn méjì lọ kí i nílé, kí obìnrin wà nínú wọn, kí wọ́n fojú rí ẹ̀rọ àti ìwé ọsibítù. Sáàmù 37:21 ní ènìyàn búburú a máa yáwó, kì í sì í san án padà. Ẹni tó ní lọ́wọ́ tó kọ̀ ni ẹsẹ yẹn ń bá wí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ mú òfin ẹgbẹ́ ṣẹ lé e lórí, kí ẹ má fi àánú dà á rú.

Àṣìṣe tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yín, lójú tèmi, ni pé ẹ dákẹ́ fún oṣù márùn-ún. Mátíù 18:15 sí 17 ti tò ó fún yín: ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ nìkan, lẹ́yìn náà ẹnìkan tàbí méjì, kó tó dé ìjọ. Láti ìsinsìnyí, tí ọjọ́ ìsanwó bá fi ọjọ́ méje kọjá, kí akọ̀wé lọ rí onítọ̀hún. Bó bá di ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀ àti ti àwọn onígbọ̀wọ́. Bó bá pé oṣù kan, ìjókòó. Àwọn onígbọ̀wọ́ ìsinsìnyí ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí yín. Bí gbogbo ètò bá dojú dé, tí ẹ yọ ₦100,000 tirẹ̀ kúrò nínú ₦180,000, ₦40,000 ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ sọ iye yẹn fún wọn gbangba.

Tísà_Ìpẹru fèsì:

Ti ìkejì: ẹ ya àpótí sọ́tọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni àjẹṣẹ́kù, òun ló ń báni wí. Ọwọ́ òsì ni àpótí àánú ìjọ, òun ló ń fani mọ́ra. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ kan bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Kí owó àpótí wá láti inú ọrẹ Ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣù, àti díẹ̀ nínú ìkórè. Kí ènìyàn mẹ́ta máa bójú tó o, kí ọ̀kankan wọn má sí nínú ìgbìmọ̀ àjẹṣẹ́kù. Kí Pásítọ̀ má dá nìkan fọwọ́ sí ìwé owó. Kì í ṣe pé a ń fura sí wọn. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò dá nìkan gbé ọrẹ dání, 2 Kọ́ríńtì 8:20 ní kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wí sí wọn ni. Ẹ fi òdiwọ̀n sí iye tí ìdílé kan lè gbà lọ́dún, kí ẹ̀bùn tó wà fún ọ̀pọ̀ má tán sọ́dọ̀ ẹnìkan. Kí ìyàwó alàgbà àti ẹni tí kò ní ẹnìkan nínú ìjọ sì tẹ̀lé ìlànà kan náà. Ibi tí ìlànà ti máa ń ṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀bùn ni kó jẹ́, kì í ṣe owó yíyá, kó má sì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì yóò gba ₦45,000, kí àpótí san án fún mẹkáníìkì, kí ó gba rìsíìtì. Bí ó bá pa ọjà mélòó kan jẹ torí ọmọ tó wà lọ́sibítù, kí àpótí san ti ọjà wọ̀nyẹn sínú àjẹṣẹ́kù. Nínú ìwé ẹgbẹ́, “a ti gba owó” ni yóò wà níbẹ̀. Kò ní sí “a fa á rẹ́”. Èyí ni kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn dá tirẹ̀ dúró, torí kò sí owó orí tí ẹgbẹ́ dárí jì. Ẹ má kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ.

Àkáǹtì_Ṣàgámù fèsì:

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ la káàdì tuntun fún un, kí ẹ kọ 1 dé 48 sí i, àti àlàfo fún àfikún ọjà tí ìdínkù sí ₦1,500 bá fà, kí akápò máa fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀. Ọjà kìíní kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi lọ ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́, tí gààrí rẹ̀ sì dé ọjà.